Ọmọ iṣẹ́ mi fọ́máàtì káàdì kámẹ́rà: ǹjẹ́ fọ́tò ìdána ṣì lè padà?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Onífọ́tò ni mí ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a ya ìdána kan láti ìgbà tí wọ́n ti ń kun ojú ìyàwó títí dìgbà tí wọ́n ń náwó fún wọn lórí ijó. Kámẹ́rà Canon ni, káàdì SD 64GB, RAW (fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) àti JPEG (fọ́tò lásán) la jọ ń yà pọ̀. Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́, ẹbí ọkọ ní ká ya àwọn sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi mú káàdì náà, ó rò pé òfìfo ni, ó fọ́máàtì rẹ̀ nínú kámẹ́rà, ó sì ti ya nǹkan bí 30 fọ́tò sórí rẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ti ki káàdì bọ laptop, kò sí nǹkan níbẹ̀ àfi 30 yẹn. Ẹnìkan ní bí wọ́n bá ti fọ́máàtì, ó ti lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e lọ sí Computer Village, pé dandan ni kí wọ́n bá mi fà á jáde. Ìyá ìyàwó ti ń pè mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìdààmú. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ yọ káàdì náà kúrò lára laptop. Ẹ mú un dání kí ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí kọjú sí yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan kékeré kan tí èékánná lè tì. Ẹ tì í wá sísàlẹ̀, síbi tí wọ́n kọ "Lock" sí. Bó bá jẹ́ microSD lẹ ń lò nínú àdápítọ̀, ara àdápítọ̀ ni ohun tí à ń tì yẹn máa ń wà. Láti ìsinsìnyí lọ, a ò fẹ́ kí ohunkóhun kọ nǹkan sórí káàdì yẹn mọ́: kámẹ́rà o, fóònù o, laptop o. Gbogbo ohun tí mo máa sọ tó kù, orí èyí ló dúró lé.

Bí ẹ ṣe ki í bọ laptop tẹ́lẹ̀ kò tíì ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Windows máa ń dá fódà kékeré kan tó ń jẹ́ System Volume Information sórí káàdì tí wọn ò bá tì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò gba àyè. Fóònù ló yẹ kí ẹ sá fún. Android á dá àwọn fódà tirẹ̀ sórí rẹ̀ láìbi yín.

Ẹni tó ní ó ti lọ nìyẹn kò tọ̀nà. Ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà pé dandan ni kí wọ́n fà á jáde náà ti sọ̀rọ̀ jù. Pẹ̀lú ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí, ó ṣeé ṣe kí èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò yín ṣì wà níbẹ̀, kí àwọn díẹ̀ sì ti lọ pátápátá. Mo tilẹ̀ lè sọ àwọn tó ṣeé ṣe kó ti lọ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́fúwià kankan.

Káàdì 64GB, exFAT ni ètò fáìlì tó máa ń wà lórí rẹ̀. FAT32 ló máa ń wà lórí 32GB. Nínú méjèèjì, ọ̀tọ̀ ni ibi tí fọ́tò wà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n á ti rí i sí. Ó dà bí ìwé tí ìyálọ́jà kọ orúkọ àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù sí: bó bá fa igi lé orúkọ yín nínú ìwé, ẹrù yín ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù títí ẹlòmíràn á fi kó tirẹ̀ dé. Bí ẹ bá pa fọ́tò kan rẹ́ lórí FAT32, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ni kámẹ́rà ń yí padà sí àmì tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń kọ ní E5, tí á sì wá kọ ọ́ pé àyè ibẹ̀ ti ṣófo. Lórí exFAT, bíìtì kan (àmì tó kéré jù tí kọ̀ǹpútà ń kọ) ló ń yí lára orúkọ náà láti 1 sí 0. Fọ́tò fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Fọ́máàtì le ju ìyẹn lọ díẹ̀, nítorí pé ìwé tuntun ni kámẹ́rà gbé kalẹ̀, tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí laptop fi ń rí 30 péré. Ṣùgbọ́n ẹrù àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé irú fọ́máàtì kejì ni ọmọ iṣẹ́ yín ṣe. Ẹ bi í, ẹ fi sùúrù bi í kó lè sọ òótọ́. Nínú mẹ́nù fọ́máàtì Canon, àyè kan wà tí wọ́n kọ "Low level format" sí, tí èèyàn lè fi àmì sí kó tó tẹ OK. Bó bá fi àmì síbẹ̀, kámẹ́rà kò pààrọ̀ ìwé orúkọ lásán, inú káàdì gan-an ló ń nù, ìrètí á sì dín kù gidigidi. Bí ọmọ náà kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ rárá, inú mi á dùn, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kì í sábà tẹ̀ ẹ́. Àwọn kámẹ́rà mìíràn sì wà tí fọ́máàtì lásán wọn pàápàá ń pàṣẹ fún káàdì pé kó nu ara rẹ̀. Ìdí rèé tí mi ò fi ń ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni kí n tó wo inú káàdì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 30 tó yà lẹ́yìn fọ́máàtì. Lórí káàdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́máàtì, ìbẹ̀rẹ̀ káàdì ni kámẹ́rà sábà máa ń kọ́kọ́ kó fọ́tò sí. Bí RAW kan àti JPEG rẹ̀ bá jọ tó 35MB, 30 á gba nǹkan bí 1GB. Nínú 64GB, ìyẹn kéré. Ṣùgbọ́n 1GB àkọ́kọ́ ni, níbi tí àwọn fọ́tò tí ẹ kọ́kọ́ yà láàárọ̀ wà, bí ẹ bá fọ́máàtì káàdì kí ẹ tó lọ síbi ìdána. Nítorí náà, bí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe dọ̀bálẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n kà, fìlà tí ìyàwó dé fún ọkọ, Bíbélì tó gbé láàárín ẹrù ìdána, owó tí wọ́n ná, ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ ṣì wà. Àwọn tó wà nínú ewu ni ìkunjú, gèlè wíwé, àti bàtà pẹ̀lú òrùka tí ẹ tò sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ bí àwa onífọ́tò ṣe fẹ́ràn bàtà àti òrùka yẹn tó, ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá gbọ́dọ̀ sọnù lọ́jọ́ ìdána, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyẹn.

Ó ti wá di iṣẹ́. Ẹ má tíì wá fọ́tò kankan. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo káàdì náà sínú fáìlì kan ṣoṣo lórí laptop tàbí hard disk. Mi ò sọ pé kí ẹ kópì fọ́tò o. Laptop kò rí fọ́tò kankan tó máa kópì. Ohun tí mò ń sọ ni ẹ̀dà inú káàdì láti báìtì àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, àtibi tó ṣófo àtibi tí kò ṣófo. Ẹ̀dà yìí la máa fi ṣe gbogbo ìdánwò, káàdì á sì wọnú àpòòwé lọ sinmi. Bí sọ́fúwià kan bá ṣìṣe, ẹ̀dà ló ṣìṣe sí.

Lórí Windows, Win32 Disk Imager tó ohun tí ẹ nílò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi káàdì tí ẹ ti tì sínú káàdì rídà, ẹ ṣí sọ́fúwià náà, ẹ kọ ibi tí ẹ fẹ́ kí ẹ̀dà wà, bíi D:\idana\kaadi.img, ẹ yan lẹ́tà tí káàdì ń jẹ́ lápá ọ̀tún. Àyè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ "Read Only Allocated Partitions"; ẹ má fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Read. Write wà nítòsí rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti da fáìlì sórí káàdì. Bí ọwọ́ bá ṣì, Lock tí ẹ tì yẹn ló máa gbà yín. Hard disk tí ẹ máa kó o sí gbọ́dọ̀ ní àyè tó ju 64GB lọ, ìlọ́po méjì ló tilẹ̀ dára, nítorí àwọn fọ́tò tí a máa rí náà á gba àyè. Kó má sì jẹ́ hard disk tó ṣì ń lo FAT32: kì í gba fáìlì tó bá tó 4GB, ẹ̀dà yín á sì dúró lójú ọ̀nà. NTFS tàbí exFAT ni kó jẹ́.

Lórí USB 2.0, ẹ̀dà 64GB lè gbà tó wákàtí kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí bátìrì laptop kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú iná lọ. Bí káàdì bá ń rọ́jú, tó ń dúró tó ń lọ, ddrescue lórí Linux ló dára jù:

ddrescue -d /dev/sdb kaadi.img kaadi.map

Ẹ wò ó dáadáa pé káàdì ni sdb lórí kọ̀ǹpútà yín, kì í ṣe hard disk. Fáìlì map yẹn ló ń kọ ibi tó kà dé sílẹ̀; bí iná bá lọ, ẹ tún àṣẹ kan náà pa, á tẹ̀ síwájú níbi tó dúró sí.

Ẹ̀dà ti wà nílẹ̀ wàyí. Sọ́fúwià tí mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lò ni PhotoRec, tí Christophe Grenier, ará Faransé kan, ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí "ẹ sanwó kí ẹ tó rí ìyókù". Kò bìkítà nípa ìwé orúkọ rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ka ẹ̀dà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń wá àmì tí oríṣi fáìlì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo JPEG ló ń fi báìtì FF D8 bẹ̀rẹ̀, tó sì ń fi FF D9 parí. Níbikíbi tó bá ti rí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, á gbé e láti ibẹ̀ títí dópin rẹ̀, á fi pamọ́ fún yín. Ìdí rèé tí fọ́máàtì kò fi dí i lọ́wọ́.

Nínú ohun tí ẹ máa gbà sílẹ̀, ẹ ó rí QPhotoRec, èyí tó ní fèrèsé àti bọ́tìnì. Ẹ yan "Add a raw disk image", ẹ fi kaadi.img hàn án. Ẹ yan FAT gẹ́gẹ́ bí irú ètò fáìlì, ẹ yan "Whole" dípò "Free", kó lè ka ibi gbogbo. Níbi "File Formats", bí ẹ bá fẹ́ dín oríṣi fáìlì kù, ẹ rántí pé abẹ́ tif ni PhotoRec kó fáìlì RAW bíi CR2 ti Canon àti NEF ti Nikon sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yan jpg nìkan, tí wọ́n wá ń sunkún pé RAW àwọn kò jáde. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ibi tí ẹ ní kó kó fọ́tò sí jẹ́ hard disk. Ẹ má ṣe fi káàdì hàn án láé.

Ohun tó máa jáde máa kọ́kọ́ dẹ́rù bà yín. Fódà recup_dir.1, recup_dir.2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, fáìlì 500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ wọn á rí bíi f0482816.jpg. IMG_2231 tí ẹ mọ̀ ti lọ, PhotoRec kò lè dá orúkọ àtijọ́ padà. Àwọn tí orúkọ wọn fi t bẹ̀rẹ̀, àwòrán kékeré tó wà nínú fọ́tò ńlá ni wọ́n, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ sì má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí ìkómọ tàbí òkú àgbà tí ẹ yà lóṣù mélòó kan sẹ́yìn láàárín wọn. Ẹrù àwọn ayálégbé àtijọ́ ni. Ẹ pa ìyẹn rẹ́ kúrò lórí laptop, torí kò yẹ kí oníbàárà kan bá fọ́tò ẹlòmíràn nínú tirẹ̀.

Láti tò wọ́n, ẹ lo ExifTool ti Phil Harvey, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kámẹ́rà ti kọ ọjọ́ àti aago sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, PhotoRec kò sì fọwọ́ kàn án. Àṣẹ yìí á sọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìgbà tí ẹ yà á:

exiftool "-FileName<DateTimeOriginal" -d "%Y%m%d_%H%M%S%%-c.%%e" recup_dir.1

Bí aago kámẹ́rà yín bá tọ̀nà (èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í yẹ̀ wò), ìdána á tò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ṣí, òkè wọn á dáa, ìsàlẹ̀ á di eérú tàbí àwọ̀ rádaràda. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìparí fáìlì náà ti di ti ẹlòmíràn, tàbí pé fáìlì náà kò wà lójú kan. Bí ẹ bá ń pa àwọn fọ́tò tí kò dáa rẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú kámẹ́rà bí ìdána ṣe ń lọ, ẹ̀ ń dá ihò sílẹ̀ láàárín káàdì, RAW ńlá tó bá dé á wá pín sínú ihò méjì mẹ́ta. PhotoRec mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sábà mọ ibi tó fò lọ. Àǹfààní RAW rèé: JPEG kíkún kan wà nínú CR2 kọ̀ọ̀kan, èyí tí kámẹ́rà ń lò láti fi fọ́tò hàn yín lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn RAW á bàjẹ́, JPEG inú rẹ̀ á yè, ExifTool sì lè yọ ọ́. Nítorí náà, ẹ má tètè sọ CR2 tí kò ṣí nù.

Bí PhotoRec kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, àwọn sọ́fúwià tí wọ́n ń sanwó fún wà, bíi R-Studio, tó lè wá ìyókù ìwé orúkọ àtijọ́ kó sì dá orúkọ padà. Recuva dára fún ẹni tó pa fọ́tò kan tàbí méjì rẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún irú ọ̀rọ̀ yín. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún nínú àwọn tó ń gba owó: wọ́n á fi àwòrán kéékèèké hàn yín lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á ń dán, ẹ ó yáa sanwó. Orí fáìlì ni àwòrán kékeré yẹn wà. Orí lè yè kí ara ti lọ. Ẹ rí i pé wọ́n ṣí fọ́tò náà ní kíkún fún yín kí owó tó jáde lápò.

Bí PhotoRec kò bá rí ohunkóhun àfi 30 yẹn, ẹ ṣí kaadi.img nínú HxD, sọ́fúwià tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn, ẹ fà á lọ sí àárín. Bí ẹ bá rí 00 00 00 tàbí FF FF FF lọ bẹẹrẹ, níbikíbi tí ẹ bá dé, wọ́n ti nu káàdì náà, ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹ bá rí oríṣiríṣi lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dàrú, nǹkan ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa wá a lọ.

Computer Village ńkọ́? Bí káàdì bá ṣí lórí laptop, PhotoRec tí ẹ máa lò nílé náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa lò, ẹ kàn máa san owó ọkọ̀ dé Ìkẹjà mọ́ ọn ni. Ibi tí èèyàn ti nílò wọn ni ìgbà tí káàdì kò bá hàn rárá, tó ń gbóná, tàbí tó ń sọ pé 32MB lòun. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ bi oníṣẹ́ náà léèrè ọ̀rọ̀ kan: ṣé yóò ṣe ẹ̀dà kó tó fọwọ́ kàn án? Bó bá wò yín bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ gba káàdì yín, ẹ máa lọ.

Ẹ tún wo káàdì náà fúnra rẹ̀. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: wọ́n á kọ 64GB sára káàdì tí inú rẹ̀ kò ju 8GB lọ. Bó bá ti kún, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí tàbí kó da tuntun nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó sọnù kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ iṣẹ́ nìkan. H2testw ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kíkọ ló ń kọ nǹkan kún káàdì láti dán an wò. Ẹ má lò ó títí ẹ ó fi kó fọ́tò ìyàwó fún un.

Ó ku ìyá ìyàwó. Ẹ má purọ́ fún wọn pé ẹ̀ ń ṣàtúnṣe àwọ̀, ẹ má sì tíì sọ pé gbogbo rẹ̀ ti sọnù. Ẹ ní ìṣòro wà lára káàdì, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, ẹ ó padà pè wọ́n lọ́la. PhotoRec á ti parí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó sì ti mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́. Fún ìkunjú àti gèlè tí 30 yẹn ti bò mọ́lẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tó ya fídíò, ẹ ní kó má tíì nu káàdì tirẹ̀, torí kò sí ibi tí òun náà ò sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bó bá ya 4K, àwòrán kan tí ẹ bá dá dúró nínú rẹ̀ á tó mẹgapíksẹ́lì 8, èyí tó tó fún álíbọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ Full HD, mẹgapíksẹ́lì 2 péré ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ju 4×6 lọ, kí ẹ sì yan ibi tí ìyàwó ti dúró jẹ́ẹ́, tí ẹni tó ń wé gèlè ti mú ọwọ́ kúrò.